Àpótí Tó Ń Gbóòórùn Èéfín

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ìwádìí yẹn, ìyá mi kò mọ bí yóò ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Èjìgbò. Wọ́n á bi í pé, "Ọmọ yín tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, kí ló ń ṣe báyìí?" Á dáhùn pé, "Ó ń wo bí àwọn ọmọdé ṣe ń mí." Wọ́n á tún béèrè pé, "Lẹ́yìn tó bá ti wò wọ́n tán ńkọ́?" Ìyá mi á ní, "Á bọ́ sí ilé kejì, á tún máa wo tibẹ̀." Nígbà tó yá, àlàyé sú u, ó wá ń sọ fún wọn pé àwọn òyìnbó ni mò ń bá ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ òyìnbó kankan kò sí láàárín wa. Yunifásítì ni àwọn ọ̀gá wa ti wá. Dókítà obìnrin kan ló ṣáájú wọn, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tó fẹ́ràn ẹ̀pà sísun débi pé a máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ nínú àpò rẹ̀ kí a tó rí òun fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, àlàyé ìyá mi kò jìnnà sí òtítọ́. Ohun tí dókítà ń wá ni ìdí tí òtútù àyà fi ń mú àwọn ọmọ kan gidigidi tí wọn kò fi ní lè mí dáadáa mọ́, nígbà tí àwọn mìíràn nínú agboolé kan náà á kàn wúkọ́ díẹ̀, tí yóò sì tán. Ó fura sí èéfín igi ìdáná. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró ọmọ kékeré kò tíì gbó, bẹ́ẹ̀ èéfín ni ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nílé ìdáná ń fà símú láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ láti ilé dé ilé ní Ola, ní Ara, àti ní àwọn abúlé tó wà láàárín wọn, tí à ń wo àyà ọmọ, tí a sì ń gbé àpótí kékeré kan kọ́ sílé ìdáná láti mọ bí èéfín ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Iṣẹ́ náà rọrùn nínú ìwé. Wọ́n kọ́ wa pé kí a ká aṣọ ọmọ sókè, kí a wo ikùn rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò, kí a sì ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Ó jọ pé ẹni tó kọ ìlànà yẹn kò bá ọmọ ọdún méjì pàdé rí. Ọmọ tí ara rẹ̀ balẹ̀ tẹ́lẹ̀, bó bá ti rí obìnrin àjèjì tó ń ká aṣọ rẹ̀ sókè, ẹkún ló kù. Bó bá sì ti ń sunkún, ìṣirò ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo kọ́kọ́ bọ́ aṣọ funfun mi sílẹ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti àwọn ìyá wọn, màá máa bá wọn ṣa ẹ̀wà, màá máa bá wọn bó ẹ̀gúsí, bí ẹni tí kò tìtorí ọmọ kankan wá, ojú mi á sì wà lára ikùn ọmọ. Ẹ̀wà tí mo bá wọn ṣà lágbègbè Ara lọ́dún yẹn, bí wọ́n bá kó o jọ, yóò tó ṣe ìsìnkú àgbà.

Wàhálà kejì ni kíkà náà fúnra rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Ìyá àgbà kan ní Ara ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sójú mi. Ó ti pẹ́ gan-an ní Àbíjàn níbi tó ti ń ta aṣọ, kó tó padà wálé lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún. Ìyàwó ọmọkùnrin náà àti ọmọbìnrin wọn kékeré, tí kò tíì ju ẹni tó ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ káàkiri àgbàlá lọ, ló ń bá ìyá àgbà gbé.

"Bọ́njúù," ni ó fi kí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé wọn.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ kú ilé."

"Faransé ni mo fi kí ọ."

"Mo gbọ́, mà. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ni."

"Ìwọ tí o kàwé." Ó mi orí, ó sì na ọwọ́ sí àpótí ìjókòó kan pé kí n jókòó.

Mo ṣàlàyé ohun tí mo bá wá. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi títí mo fi sọ ọ́ tán.

"Ohun tí ò ń wí ni pé o fẹ́ ka èémí ọmọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, o wá fẹ́ ka èyí tó wà nínú ọmọ." Ó rò ó díẹ̀. "Ka tèmi ná. Bí mo bá jí lọ́la, o lè wá ka tirẹ̀."

Mo gbà. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó nà ró ṣánṣán bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà, ó wá gbàgbé láti mí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mí."

"Mò ń mí. Ìwọ ni o kò yára kà á."

Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà ni mo bá a, ó ti ń retí mi. "Mo jí," ló wí, ó sì sún sẹ́yìn kí n wọlé. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Àpótí èéfín wa kò ju búrẹ́dì kékeré kan lọ. Ó máa ń fa afẹ́fẹ́ símú, ó máa ń kùn bí oyin, iná aláwọ̀ ewé kan sì wà lára rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Nígbà tí mo gbé e kọ́ ara ògiri ilé ìdáná, ìyá àgbà dúró níwájú rẹ̀, ó ń wò ó.

"Kí ni eléyìí ń ṣe?"

"Ó ń gbóòórùn èéfín, mà."

"Iná ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn kàn ń fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ ni."

"Ojú ni," ló wí. "Nǹkan tó bá ń ṣẹ́jú, ojú ló ní."

Mo búra fún un pé kò ní ojú, kò ní etí, kò sì lè sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń jáde, mo gbọ́ tó ń kìlọ̀ fún gbogbo agboolé pé àpótí ìjọba ti wà nílé ìdáná, pé ẹni tó bá ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tí kì í ṣe òun ló ń se é, àwòrán rẹ̀ á dé yunifásítì kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ agboolé kì í gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná kọjá mọ́ láìdọ̀bálẹ̀ fún àpótí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà kó ohun tí àwọn àpótí ti gbà sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì ránṣẹ́ pè mí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó na àpò ẹ̀pà rẹ̀ sí mi, èyí tí kò ṣe rí. Ó ní ní gbogbo ilé tó kù, èéfín máa ń pọ̀ jù lọ nírọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń se oúnjẹ alẹ́. Ṣùgbọ́n nílé ìyá àgbà yìí, bí èéfín bá ti ń ga lọ, á kàn dédé pòórá. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún padà. Bó ṣe ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn.

"Wọ́n ní ọgbọ́n kan tí àwa kò mọ̀," ni dókítà wí. "Bóyá igi tí wọ́n ń dá ni. Bóyá bí wọ́n ṣe ń tò ó sínú ààrò ni. Bí a bá mọ̀ ọ́n, a lè fi kọ́ gbogbo Ara."

A jọ lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì láìránṣẹ́ sí wọn. A bá ìyàwó nídìí ààrò, igi ń jó, èéfín gba gbogbo inú ilé ìdáná kan, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Igi náà kò yàtọ̀ sí igi yòókù. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní ìta, a ń wò. Kò pẹ́ tí ìyàwó fi jáde láti lọ wẹ̀ fún ọmọ. Bó ti kúrò, ìyá àgbà yọ láti inú ilé. Kò rí wa. Ó wọ ilé ìdáná, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó sì fi bo àpótí náà dáadáa, ó tún fi etí gèlè náà há abẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń di ọ̀já mọ́ ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìkòkò, ó yan ẹran kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì fi sẹ́nu. Kò kánjú rárá. Ìgbà tó jẹ ẹ́ tán ló tó ṣí gèlè lára àpótí, tó wé e padà, tó sì jáde síta. Nígbà náà ló rí wa.

"Ẹ káalẹ́, mà," ni dókítà wí.

"Ẹ ti dé," ló dáhùn.

"Màmá, kí lẹ fi gèlè bo àpótí wa fún?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀. "Òtútù ń mú un."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó, tó ti ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ tó tutù lọ́wọ́ rẹ̀, yára kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ẹran tó ń dín kù tí wọ́n fi ń bá àwọn ọmọ wí láti bí ọdún wo, ó ti wá mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Dókítà da gbogbo ìṣirò ilé yẹn nù, a sì gbé àpótí náà sókè síbi tí ọwọ́ ìyá àgbà kò lè tó.

Nígbà tó ṣe, ọyẹ́ dé. Eruku gba ojú ọ̀nà, ètè gbogbo wa ń bó, ikọ́ ló sì gba ilé kan. Mo dé ilé ìyá àgbà láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a tó pọn ọmọ, ó fi aṣọ wé e títí dé orí. Ìyàwó ti lọ sóko.

"Ikọ́ ọyẹ́ ni," ló wí. "Mo ti fi òrí pa á láyà."

Mo ní kí ó jọ̀ọ́ bá mi sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ yìí kò fẹ́ràn mi. Láti ìgbà tó ti mọ̀ mí, bí mo bá ti na ọwọ́ sí i, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo ká aṣọ rẹ̀ sókè, kò sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà nìyẹn. Ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, ó ń mí gúlegúle, gbogbo ìgbà tó bá sì mí sínú, abẹ́ ìhà rẹ̀ á jìn wọlé bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú tó ń fa awọ ara rẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ bí atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó há a ní ìka. Nọ́ńbà tó gbé jáde kéré. Mo yọ ọ́, mo fi há ìka mi láti mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́.

Ìyá àgbà kò wo ẹ̀rọ. Ojú mi ló ń wò.

"Ojú rẹ ti yí padà. Sọ ọ́."

"Màmá, òtútù àyà ni, ó sì ti le. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù ní Èjìgbò nísinsìnyí."

Kò bá mi jiyàn. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó kó tẹ̀sùbáà rẹ̀ sọ́wọ́, ó sì pọn ọmọ padà. Mo tẹ ìyàwó láago pé kó bá wa lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ iṣẹ́ wa wà ní Ola, n kò sì fẹ́ dúró dè é, ni a bá gun ọ̀kadà méjì. Tiwọn wà níwájú, tèmi ń tẹ̀ lé e. Ìyá àgbà ń sọ fún ọlọ́kadà ní Faransé pé kó rọra, "Dúsúmọ̀, dúsúmọ̀," bẹ́ẹ̀ ọlọ́kadà náà kò tíì kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Ó rò pé àdúrà ni. Gbogbo ìgbà tí ìyá àgbà bá ti pariwo rẹ̀, òun náà á dáhùn pé "Àmín," á sì tún fún ọ̀kadà níná. Bí a ṣe tètè dé nìyẹn.

Àwọn nọ́ọ̀sì gba ọmọ lọ́wọ́ wa kíá. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ti àgbá ọ́síjìn dé pẹ̀lú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ìyá àgbà dìde, ó dúró sáàárín òun àti ibùsùn.

"Mo mọ nǹkan yìí," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò yẹ̀. "Ẹni tí wọ́n bá ti ki ìyẹn sí nímú, kì í padà sílé."

Kì í ṣe òun nìkan ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màmá, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sórí ni wọ́n máa ń gbé àwọn ẹlòmíì dé. Tí wọ́n bá wá kú, òun ni àwọn èèyàn bá nímú wọn, ni wọ́n ṣe rò pé òun ló pa wọ́n. Atẹ́gùn ni, mà. Irú èyí tí èmi àti ẹ̀yin ń mí yìí náà ni, ó kàn lágbára jù ú lọ ni."

"Ẹ fi sí mi nímú ná."

Nọ́ọ̀sì wò mí, mo wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì náà kò fi àkókò ṣòfò. Ó mú rọ́bà tuntun mìíràn, ó so ó mọ́ àgbá, ó sì kì í sí imú ìyá àgbà. Ìyá àgbà mí sínú. Ó tún mí.

"Kò lóòórùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan." Ó fa rọ́bà náà yọ. "Kí lẹ wá ń dúró wò? Ẹ fi sí i nímú."

Kò sí eré nínú ìyókù ọjọ́ yẹn. Wọ́n gún ọmọ ní abẹ́rẹ́, wọ́n ṣí omi sí i lára, a sì jókòó. Ìyàwó dé pẹ̀lú erùpẹ̀ oko lẹ́sẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú. Ìyá àgbà ń fa tẹ̀sùbáà, ìyàwó, tó jẹ́ ọmọ ìjọ, ń kọ orin ìyìn sábẹ́ ètè, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń tọrọ. Èmi tí mo ti ń wo èémí àwọn ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí, n kò lè ka ti ọmọ yẹn. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ìṣirò á pòórá lórí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán, ètè rẹ̀ tó ti ṣú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n padà, abẹ́ ìhà rẹ̀ kò sì jìn tó bíi ti àárọ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ pè láti Àbíjàn. Ìyá àgbà gba fóònù, ó ní, "Má sunkún mọ́. Ọmọ rẹ ń jẹ atẹ́gùn lọ́wọ́. Tó bá yó, a ó pè ọ́."

Wọ́n lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Láàárọ̀ kan tí mo lọ bẹ̀ wọ́n wò, ọmọ náà ti fa rọ́bà imú rẹ̀ yọ, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bọ inú mọ́ínmọ́ín ọmọ tó wà ní ibùsùn kejì. Bó ṣe gbójú sókè tó rí mi, ó ké. Ẹkún náà dùn mọ́ mi. Ó kún, ó gùn, kò sì dá lójijì.

Nígbà tí wọ́n padà sílé, èmi àti dókítà lọ kí wọn. Ìyá àgbà ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè wá. Ó dúró títí a fi mu omi tán, ó wá béèrè pé, "Ṣé èéfín mi ló ṣe é?"

Dókítà gbé ife omi sílẹ̀. "Màmá, n kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń fa òtútù àyà. Èéfín lè sọ àyà ọmọ di ọ̀lẹ, tí kò fi ní lè bá kòkòrò náà jà. Bí ọwọ́ èéfín ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀ ni à ń wá."

"Ohun tí ẹ ń sọ ni pé ẹ kò mọ̀."

"A kò tíì mọ̀ ọ́n tán, mà."

"Ó dáa. Ẹni tó bá gbà pé òun kò mọ̀, a lè bá a sọ̀rọ̀." Ó na ọwọ́ sí òkè ilé ìdáná níbi tí àgbàdo irúgbìn so rọ̀ sí, tó dúdú minimini. "Èéfín yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ irúgbìn mi. Bí mo bá pa á tì, kí ni màá gbìn?"

Ìbéèrè yẹn kò sí nínú gbogbo ohun tí a gbé wá láti yunifásítì. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀pà. Nígbẹ̀yìn, ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n pa àtíbàbà kan síta fún ìyàwó láti máa dáná oúnjẹ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ilé ìdáná àtijọ́ di ti àgbàdo, òun nìkan ni yóò sì máa wọ ibẹ̀ lọ koná mọ́ ọn. Ó fi igi dábùú ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní bọ́dà. Ọmọdé tó bá dé ibẹ̀, padà ni yóò padà. Ó ní ọkọ̀ tó gbé òun lọ sí Àbíjàn nígbà àkọ́kọ́ kọjá ọ̀pọ̀ bọ́dà, òun sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú lé èèyàn padà. Mo rí i nígbà kan tó fi ojú yẹn lé ewúrẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí bí a ṣe lè dá a dúró mọ́. Ó lè wà níbi ìsọmọlórúkọ, kó ká aṣọ ọmọ ọlọ́mọ sókè láti wo ìhà rẹ̀. Ó máa ń rán àwọn ìyá sí mi lórí fóònù. Ó tilẹ̀ fa bàbá arúgbó kan tó ń wúkọ́ wá bá mi lọ́nà, ó ní kí n ka tirẹ̀. Mo ní ọmọdé nìkan ni ìwádìí wa wà fún. Ó wo bàbá náà, ó wò mí. "Ó máa ń ṣe bí ọmọdé," ló wí. Mo júwe ọsibítù fún bàbá, ó sì lọ.

Iṣẹ́ wa ní agbègbè Ara ti parí báyìí. Nígbà tí dókítà kó àwọn ará ìlú jọ láti sọ ohun tí a rí, kò bù mọ́ ọn. Ó ní èéfín wà nínú ohun tó ń mú kí òtútù àyà le, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ó ní oúnjẹ ọmọ wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà níbẹ̀, àti bí a bá ṣe tètè gbé ọmọ dé ọsibítù sí. Ìwádìí ṣì ń lọ níbòmíràn. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ní ọsibítù kan ní Èjìgbò ni èmi wà báyìí, mo sì tún ń wo bí wọ́n ṣe ń mí.

Ọmọ náà ti wọ ilé ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, mo pàdé ìyá rẹ̀, ó ní ẹjọ́ ni òun ti lọ jẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́, pé ọmọ náà ń pariwo jù ní kíláàsì, pé bó bá ń kọrin, àwọn tó wà ní yàrá kejì kì í gbọ́ ohun tí olùkọ́ tiwọn ń sọ. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí òun bá a wí.

Mo ní kó fi í sílẹ̀.